Ìgbálẹ̀ Màmá Mi àti Eruku Òtẹ́ẹ̀lì

Ìró ìgbálẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ láti kékeré mi. Ṣáá, ṣáá, ṣáá, lójú sìmẹ́ńtì iwájú ilé. Màmá mi kì í kí ẹnikẹ́ni kó tó gbálẹ̀. Tí o bá lọ kí i nígbà tí kò tíì parí, á na ọwọ́ òsì sí ọ pé kí o dúró níbẹ̀, á gbá èyí tó kù dé ẹnu géètì, á kó o, á fọ ọwọ́, lẹ́yìn náà ni á wá dá ọ lóhùn pé, "Ẹ̀n-ẹ́n, ṣé o jí ire?" Iléṣà ni wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Iwájú ilé tí a kò gbá, ìtìjú obìnrin inú ilé náà ni. Bàbá mi gbé e wá sí Port Harcourt nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, Borokiri ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé. Ó gbálẹ̀ ní Borokiri. A kó wá sí D-Line, ó ń gbálẹ̀ ní D-Line. Bàbá mi kú, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kí àwọn tó ń bọ̀ wá bá a kẹ́dùn tó dé, ó ti gbá iwájú ilé.

Mò ń kọ èyí nítorí pé ìgbálẹ̀ yẹn ni àwọn tó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa fi gba èémí lára rẹ̀. Wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, wọn kò sì fọwọ́ kàn án rí. Wọ́n kàn ń da eruku sí iwájú ilé rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, wọ́n sì fi eruku náà sílẹ̀ fún obìnrin tí kò lè rí ìdọ̀tí kó má gbá a.

Ilé àtijọ́ kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ilé ilẹ̀, tí igi àgbálùmọ̀ ńlá bò lórí. Údárà ni àwọn ará ibí ń pe èso náà. Nígbà tí onílé kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ta á, katapílà sì dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ti igi náà ṣubú, ó sì yí padà sí ara ògiri. Èmi àti màmá mi dúró lójú fèrèsé, à ń wò ó. Eruku dìde bí ìkùukùu, ó gun òkè, ó ronú díẹ̀, ó wá sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ wa.

Mo lọ sí yunifásítì. Ilé iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́ ni mo wà, iṣẹ́ mi níbẹ̀ sì ni láti rí i pé òṣìṣẹ́ kankan kò fara pa, pé kò sì sí ẹni tó fa ohun burúkú símú. Nínú ọgbà tiwa, tí ẹnìkan bá gé òkúta láìbo imú, láìsí omi tó ń ṣàn lójú irin tó fi ń gé e, fèrè ni màá fun. Gbogbo iṣẹ́ á dúró. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ á dúró. Nítorí náà, mo mọ ohun tí mò ń rí nígbà tí mo bá dúró lójú fèrèsé wa, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé inú ló ń bí mi lásán.

Wọ́n wó ilé láìwọ́n omi síbẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ. Wọn kò ta nẹ́ẹ̀tì sáàárín wa. Ọkọ̀ tó ń kó àfọ́kù ògiri jáde kò ní tapólì lórí, gbogbo ibi tó bá ti wọ kòtò ló ń já díẹ̀ sílẹ̀. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́, ara fẹ́ǹsì wa ni wọ́n gbé wọn tì, ní ìhòòhò, kí atẹ́gùn máa mú èyí tó bá wù ú. Ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré, abẹ́ fèrèsé ilé ìdáná wa ni wọ́n gbé e sí, bẹ́ẹ̀ ni àyè gbalasa wà lódì kejì, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀gá wọn ń gbé mọ́tò rẹ̀ sí. Èyí tó sì dùn mí jù ni ti àpò sìmẹ́ńtì. Tí wọ́n bá ti tú sìmẹ́ńtì tán, wọ́n á na àpò náà mọ́ fẹ́ǹsì wa, gbàà, gbàà, kó lè mọ́, kí wọ́n lè rí i tà fún àwọn tó ń fi í pọ́n nǹkan. Àpò lẹ́yìn àpò. Ìyókù inú rẹ̀, tiwa ni.

Màmá mi á sì gbálẹ̀ tán láàárọ̀, á wá lọ sẹ́bàá fẹ́ǹsì, á gbóhùn sókè:

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ilé á tura o!"

"Mama Yoruba! Well done, ma!" ni àwọn lébìrà á máa dáhùn.

Mo bi í pé, "Màmi, àwọn tó ń da eruku lù yín lẹ ń kí?"

"Kí ni kí n ṣe? Ẹni tó ń kọ́lé, ká lọ máa bá a jà? Wọ́n á ní ìlara ló ń dà wá láàmú. Ayálégbé tó ń bínú onílé."

"Èémí yín ńkọ́?"

Ó fọwọ́ lu àyà rẹ̀. "Èémí mi rèé. Mo jókòó tì í."

Nígbà tí ọyẹ́ dé ni ikọ́ màmá mi bẹ̀rẹ̀. Ikọ́ gbígbẹ ni, bí ẹni pé irun kan há sí i lọ́fun tó ń gbìyànjú láti yọ ọ́ láìfẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí gbogbo wa ti ṣìnà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń gbé ìlú yìí láti ìgbà tí súùtù ti dé mọ ìṣe wa. Súùtù ni ẹ̀gbin dúdú tó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń se epo rọ̀bì nínú igbó, tó ń bà lé aṣọ orí okùn, tó ń wọ inú imú ọmọ ọwọ́. Láràárọ̀, a ó fi ìka nu etí fèrèsé, a ó wo ìka náà, a ó mí kanlẹ̀, a ó sì lọ síbi iṣẹ́. Ó ti di bí a ṣe ń jí. Nítorí náà, ikọ́ yòówù tó bá ti wọ Port Harcourt, ó ti ní orúkọ kó tó dé. Ẹni tó ń ta oògùn ní ìkòríta wa kò tilẹ̀ gbé ojú sókè tó fi sọ pé, "Na soot." Ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa Yorùbá, wọ́n pe màmá mi jáde, wọ́n sì gbàdúrà lòdì sí súùtù. Dókítà àkọ́kọ́ tí a lọ bá gbé nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé e lẹ́yìn, ó gbọ́ díẹ̀, ó bi í pé àdúgbò wo ló ń gbé, ó sì mi orí. Súùtù. Ó kọ oògùn ikọ́ oníṣúgà fún wa, ó ní ká máa ti fèrèsé.

A ń ti fèrèsé. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Ikọ́ náà ń pọ̀ sí i.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo fi ìka nu etí fèrèsé yàrá màmá mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Mo wo ìka mi, mo sì dúró. Kò dúdú. Ó rí bí eérú, ó funfun díẹ̀, ó sì ń ha ìka bí mo ti fi àtàǹpàkò pa á. Súùtù a máa yọ̀ bí epo. Èyí kò yọ̀. Mo gun òkè lọ bá obìnrin Ikwerre tó ń gbé lókè wa, ẹni tí èmi àti ẹ̀ ti jọ ń sunkún súùtù láti ọjọ́ pípẹ́ wá, mo na ìka náà sí i lójú.

Ó tẹ ojú mọ́ ọn. "Ah-ah! Soot don start to bleach?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Chai! Even soot wan fine pass us!" Ẹ̀rín náà ló di ikọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó di ògiri mú, ó ń wúkọ́, mo ń lù ú lẹ́yìn jẹ́jẹ́, a kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo lọ bá fọ́máànù wọn. Ọkùnrin dúdú tó sanra, tó ń jẹ bọ́ọ̀lì àti ẹja lórí àpò sìmẹ́ńtì. Mo kí i, mo sì fi sùúrù sọ ọ́ fún un ní Pidgin, pé kí wọ́n máa wọ́n omi sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, kí wọ́n bo iyẹ̀pẹ̀, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ kúrò lábẹ́ fèrèsé ìdáná wa, kí wọ́n má sì na àpò mọ́ fẹ́ǹsì wa mọ́, nítorí màmá mi ń ṣàìsàn.

"Water?" ni ó wí. "Madam, na house we dey build, no be catfish we dey rear."

Àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín. Mo dúró kí ẹ̀rín náà tán.

"The dust dey enter my mama chest."

Ó gé ẹja, ó wò mí. "For this Port Harcourt wey everybody nose black, na only my own small cement you see?"

Ìyẹn ni gbólóhùn tí mo ń gbọ́ títí di òní. Ó sọ ọ́ láìbínú. Òtítọ́ ló rò pé òun ń sọ. Súùtù ti ba ìlú náà jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni fi lè da tirẹ̀ lé e lórí, kó sì máa lọ.

Mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ mi dé òpin, ó gbọ́ mi dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Madam, this one na soot matter abi na building matter?" Mo ní ilé kíkọ́ ni. Ó ní tọ̀un ni afẹ́fẹ́, àti pé súùtù nìkan ni gbogbo ènìyàn ń mú wá, òun ni wọ́n sì ní kí àwọn máa lé kiri. Ó ní kí n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ilé kíkọ́. Mo lọ. Obìnrin kan níbẹ̀ bi mí bóyá ilé náà ti sán. Mo ní rárá. Bóyá ó fẹ́ẹ́ wó lù wá? Mo ní, "Ma, na the dust dey fall on us." Ó káàánú mi. Ó ní nígbà tí ilé náà bá sán, kí n padà wá.

Mo jókòó sínú mọ́tò mi níta, aṣọ iṣẹ́ mi tó ń dán wà lórí àga ẹ̀yìn, fèrè mi wà nínú àpò rẹ̀. Mo sunkún. Gbogbo ìmọ̀ tí mo ní, tí wọ́n ń san owó oṣù fún mi lé lórí, kò lè ti fèrèsé kan fún ìyá mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló júwe dókítà obìnrin tó ń wo àyà fún wa. Ó ya àwòrán àyà màmá mi, ó gbé e sójú iná, ó wò ó títí. Kò bi wá léèrè súùtù. Ohun tó bi màmá mi léèrè ni pé:

"Mama, who dey sweep for your house?"

Ojú màmá mi mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹnìkan wá bi í ní ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó jókòó dáadáa.

"Na me o! Every morning, before anybody wake. If you come my house, you fit put food for ground chop."

"Na wet rag, or dry broom?"

"Ha, dókítà. Who dey sweep with rag?"

Dókítà náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Mo rí i bó ṣe gbé e sílẹ̀, mo sì ti mọ̀ kí ó tó la ẹnu pé èmi gan-an ló yẹ kí n ti bi ìbéèrè yẹn.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa ní sùúrù. Ó ní eruku tí a ń fi ojú rí kọ́ ni ìṣòro, imú á mú ìyẹn, ọ̀nà ọ̀fun á hú u jáde. Èyí tí a kò rí, tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, tó ti ara òkúta àti sìmẹ́ńtì wá, òun ló ń lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, tí kì í padà bọ̀. Ibi tó bá jókòó sí á gba ọgbẹ́, ọgbẹ́ náà á san, àpá rẹ̀ á le. Àyà tó ti le kì í fẹ̀. Ó ní iná igi tí màmá mi fi dáná nígbà èwe rẹ̀ wà níbẹ̀, súùtù wà níbẹ̀, òun kò ní pín in fún wa bí ẹran. Ṣùgbọ́n eruku ilé kíkọ́ yìí ló ń sáré jù nínú wọn, ìgbálẹ̀ ló sì ń gbé e sókè láràárọ̀, sí iwájú imú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Èyí tó ti bàjẹ́ kò ní padà. Èyí tó kù, a lè dáàbò bò ó.

Èyí tó kù. Láti ọjọ́ yẹn, òun nìkan ni mò ń jà fún.

Mo kó gbogbo ìgbálẹ̀ ilé dànù. Mo ra mọ́ọ̀pù àti bọ́kẹ́ẹ̀tì. Màmá mi yí mọ́ọ̀pù náà ká, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn.

"Kí lèyí? Ṣé ilé ìwòsàn la wà ni?"

"Màmi, omi la ó máa fi nu ilẹ̀. Èmi ni màá máa nù ún kí n tó lọ síbi iṣẹ́."

"Ìta ńkọ́? Wàá fi aṣọ nu ìta?"

Mo lọ bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo rò pé ó ti yé e. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jí, mo sì gbọ́ ọ: ṣáá, ṣáá, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jalè. Ó ti ra ìgbálẹ̀ tuntun lọ́jà, ó fi pamọ́ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi. Mo já síta. Ó fi etí gèlè rẹ̀ bo imú, ó bẹ̀rẹ̀, eruku funfun dé ojúgun rẹ̀.

"Màmi! Dókítà ní ẹ má gbálẹ̀ mọ́!"

"Dókítà ní kí n má fa eruku símú. Ṣé o kò rí gèlè ni?"

"Gèlè ò lè dí i!"

"Má pariwo mọ́ mi, àwọn ará òkè ń sùn." Ó nàró, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí. "Kí àwọn èèyàn máa kọjá, kí wọ́n máa wo iwájú ilé, kí wọ́n ní báyìí ni obìnrin Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ṣe?"

"Ta ló mọ̀ pé Ìjẹ̀ṣà ni yín ní D-Line?"

"Èmi mọ̀."

Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó gbá èyí tó kù dé ẹnu géètì. Mo gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ra òmíràn. Mo wá ń gbìyànjú láti ṣáájú rẹ̀ jí, kí n ti wọ́n omi síta kó tó jáde, ṣùgbọ́n obìnrin tó ti ń ṣáájú gbogbo ayé jí láti èwe rẹ̀, ta ni yóò ṣáájú rẹ̀? Tí mo bá sì wọ́n omi náà, kí oòrùn tó yọ dáadáa, àpò sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀, gbàà, gbàà.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti bo òrùlé ni olówó ilé náà fúnra rẹ̀ wá. Mo ti ń dúró dè é tipẹ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹẹsẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú jíìpù, ó gbọ́ màmá mi tó ń kí àwọn òṣìṣẹ́ ní Yorùbá, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Ẹ̀yin Màmá wa! Yorùbá lẹ̀ ń sọ yìí?"

Kí n tó mọ̀, ọkùnrin náà ti wọ ọgbà wa, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá mi. Ó dìde, gbogbo iwájú bùbá rẹ̀ di eérú. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbọn ara rẹ̀, eruku náà sì fò sójú wa.

"Ọmọ ibo ni ẹ́?" ni màmá mi bi í, ohùn rẹ̀ ti dùn.

"Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fo ariwo yìí. A ó parí láìpẹ́."

"Ẹ̀yin sà," ni mo wí, "kì í ṣe ariwo. Eruku ni. Wọn kì í wọ́n omi, àyà màmá mi…"

"Omi? Wọn á wọ́n omi! Lónìí yìí gan-an!" Ó yíjú, ó sì ké sí fọ́máànù, "Make una dey pour water for Mama!" Ó tún kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ ṣàdúrà fún mi."

Màmá mi gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ilé á tura. O ò ní fi owó rẹ̀ ra oògùn. Ọwọ́ rẹ ni wàá fi ṣí i, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi rìn nínú rẹ̀. Ọlọ́run kò ní…"

Ikọ́ gbà á níbẹ̀. Ọkùnrin náà dijú, ó ń ṣe "Àmín, àmín, àmín," kò mọ̀ pé ikọ́ ló ń ṣe àmín sí. Nígbà tó la ojú, tó rí ìyá mi tó tẹ̀ síwájú, tó ń wá atẹ́gùn, ó fò dìde, ó dì í mú.

"Haa! Pẹ̀lẹ́, mà. Súùtù ìlú yìí kò dáa rárá o."

Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Màmá mi fa ìró mi láti ẹ̀yìn, ó fà á gidi. Mo pa ẹnu dé. Nígbà tí jíìpù náà lọ tán, mo ní, "Màmi, ẹ̀yin ló dá mi dúró!"

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi."

"Inú eruku tirẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ sí!"

Èémí láti fi jiyàn kò sí lára rẹ̀ mọ́.

Wọ́n wọ́n omi fún ìgbà díẹ̀, lóòótọ́. Òórùn ilẹ̀ tútù wọlé wá, màmá mi sùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí rò pé bóyá mo ti ń bínú jù. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ tó ń fa omi bàjẹ́, wọ́n ní omi tó kù, kọnkéré ló wà fún. Lẹ́yìn kọnkéré, ó kan táìsì. Àwọn tó ń gé táìsì àti òkúta àtẹ̀gùn, inú yàrá òkè ni wọ́n jókòó sí, ní gbígbẹ, ojú fèrèsé tí kò tíì ní gíláàsì sì kọjú sí wa. Èéfín funfun ń tú jáde níbẹ̀ bí ẹni tó ń se nǹkan. Lébìrà tó ń gé e, akísà ló dì mọ́ imú. Nínú ọgbà tiwa níbi iṣẹ́, mi ò bá ti fun fèrè. Lọ́jọ́ kan mo tiẹ̀ mú un jáde, mo dúró lẹ́bàá fẹ́ǹsì, mo fun ún. Gbogbo wọn yíjú wò mí. Ẹnìkan gbé ọwọ́ sókè bíi rẹfirí, ó ké pé, "Offside!" Irin náà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí ké.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, mò ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi nínú yàrá. Mò ń gbọ́ ìgbálẹ̀ níta, ó sì ti rẹ̀ mí láti bá a jà. Ṣáá. Ṣáá. Ṣá. Ó dá dúró. Mo dúró de ìyókù, nítorí màmá mi kì í gbálẹ̀ kó má dé ẹnu géètì. Ìyókù kò wá.

Mo bá a níbi tó jókòó sí lórí sìmẹ́ńtì, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀, ọrùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ó nawọ́ òsì sí mi bó ti máa ń ṣe, pé kí n dúró, òun kò tíì parí. Mọ́tò mi ni a fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Obìnrin òkè wa gbé orí rẹ̀ lé itan, ó ń pè é, "Mama, breathe. Mama, abeg, breathe," bí ẹni pé ìgbọràn ni kò ní.

Wọ́n fi atẹ́gùn inú agolo gbà á là. Dókítà wa sọ fún mi pé èyí tó kù ti dín kù, pé kí n gbé e kúrò níbẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ní Omagwa, níbi tí igi ṣì wà. Ó sàn níbẹ̀, n kò ní sẹ́. Ó lè sọ gbólóhùn kan tán láìsinmi. Ṣùgbọ́n ìyàwó àbúrò mi, ọmọ dáadáa, kò jẹ́ kó fọwọ́ kan nǹkankan. "Ẹ jókòó, Màmá." Àárọ̀, ọ̀sán, "Ẹ jókòó, Màmá." Màmá mi á pè mí lórí fóònù, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣé wọ́n ti parí òtẹ́ẹ̀lì yẹn? Mo ti di àlejò tó jókòó pẹ́ jù níbí."

Nígbà tí wọ́n kùn ún tán, mo sọ fún un. Ọjọ́ kejì, takisí gbé e dé.

Òtẹ́ẹ̀lì náà rẹwà. Tí mo bá ń kọjá, mo máa ń rí àwọn ọmọbìnrin tó ń tún un ṣe láàárọ̀. Mọ́ọ̀pù àti omi ni wọ́n ń lò. Wọn kì í fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ kan ilẹ̀ wọn, kí eruku má baà bà lé àga àwọn àlejò.

Màmá mi kì í lè jáde mọ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé fèrèsé, ó ní láti sinmi lọ́nà. Èmi ni mò ń ṣe ìta báyìí. Mo máa ń nù ún ní mọ́ọ̀pù tẹ́lẹ̀, títí di àárọ̀ kan tó pè mí wọlé.

"Ta ló ń gbálẹ̀ ilé yìí?"

"Èmi ni, Màmi."

"Mi ò gbọ́ nǹkankan. Mo máa ń dùbúlẹ̀ síbí, ilẹ̀ á mọ́, mi ò ní mọ̀."

Nítorí náà, mo lọ ra ìgbálẹ̀. Mo máa ń da omi sí gbogbo iwájú ilé títí yóò fi máa ṣàn, lẹ́yìn náà màá gbá omi náà lọ dé ẹnu géètì, kí ó lè gbọ́ ọ. Àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ wá láti ojú fèrèsé, tín-ín-rín.

"Ìgbálẹ̀ yẹn tutù."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó kó èémí jọ. "Gbá a dé ẹnu géètì."

Lóṣù tó kọjá, wọ́n ta ilé ilẹ̀ tó wà lódì kejì wa. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì méjèèjì lẹ́ẹ̀kan sí i, ní báyìí tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ kí àwọn ṣe sí ilé tí kò tíì sí. Àbúrò mi ní kí n gbé e padà sí Omagwa. Màmá mi ní kò sí ohun tó máa gbé òun kúrò ní ilé òun mọ́ àfi pósí.

Láàárọ̀ òní, mò ń gbá omi lọ nígbà tí ọkọ̀ iyẹ̀pẹ̀ àkọ́kọ́ dé. Kò ní tapólì. Ó fi ẹ̀yìn rìn wọlé, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, gbogbo rẹ̀ sì ya wálẹ̀ sára fẹ́ǹsì wa. Mo yíjú sí fèrèsé kí n lè ké sí màmá mi pé kó tì í.

Màmá mi ti dìde. Ó di irin fèrèsé mú lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń wo dírẹ́bà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo rí ètè rẹ̀ tó ń lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ló ń sọ. Èmi tí mo dúró lábẹ́ fèrèsé náà, n kò gbọ́ ọ.